Wúńrẹ̀n fífúyẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń dọdẹ lábẹ́ ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kíkùn ẹ̀fọn láàárín ariwo ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ Sango-Ota yóò kọ́kọ́ wá ibi tó dákẹ́. Ìtànṣán tó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run ni ariwo tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń sá fún tí wọ́n fi wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Ohun òkùnkùn ni wọ́n ń wá, èyí tí kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n tó wúwo tó bí ìlọ́po márùn-ún gbogbo ohun tí átọ́ọ̀mù para pọ̀ dá láyé àtọ̀run. Àbá kan tí wọ́n ń pè ní supersymmetry sọ pé wúńrẹ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìkejì tó fara pamọ́. Neutralino wà lára wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ fura sí.

Lọ́dún 2010, ẹ̀rọ CoGeNT ní Minnesota, Amẹ́ríkà, rí àmì tó jọ ti wúńrẹ̀n fífúyẹ́, bí ìlọ́po mẹ́wàá átọ́ọ̀mù hydrogen. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. LUX, nínú ibi ìwakùsà wúrà àtijọ́ ní South Dakota, kò rí i ní 2013; LZ tó rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 10 xenon olómi, kò rí i ní 2024.

Síbẹ̀, neutralino fífúyẹ́ tó bá kọlu xenon dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tó ba tírélà: tírélà kò ní mira. Ìdí nìyí tí àwọn SuperCDMS ní Kánádà fi yan silicon àti germanium tó fúyẹ́ jù ú lọ.