Okùn, Táyà àti Ojú Ọ̀nà: Ìtàn Àláímẹ́ǹtì

1/ Ẹ ti rí oníṣẹ́ àláímẹ́ǹtì tó ń fi okùn wọn táyà lẹ́bàá títì rí, àbí? Ní Èbúté Ìkòròdú níbí, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Okùn yẹn náà ni wọ́n fi ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìdíje tí kì í jáde sí títì rárá. Ẹ bá mi ká lọ 👇🏾

2/ Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ inú máa rìn kúrú ju ti ìta lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yí jù ú lọ. Georg Lankensperger, tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Munich ní Jámánì, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Rudolph Ackermann ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní London lọ́dún 1818. Orúkọ ta ni wọ́n ń pè é títí dòní? Ackermann! Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ ló jẹ orúkọ.

3/ Ẹ jẹ́ ká wálé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa, a bọ́ sápá ọ̀tún bíi ti Dahomey àti àwọn aládùúgbò wa yòókù. Sierra Leone ti ṣe é ní 1971. Ghana ṣe tiẹ̀ ní 1974.

4/ Kí ló kan àláímẹ́ǹtì ńbẹ̀? Ó kàn án o! Àárín títì máa ń ga díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn sí gọ́tà. Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ lápá òsì, mọ́tò á fẹ́ máa fà sósì. Lápá ọ̀tún, á fẹ́ máa fà sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ mọ́tò tí wọ́n bá tò láti tako ìdagẹ̀rẹ̀ òsì, ṣe ló máa dá kún wàhálà lápá kejì.

5/ Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nìyẹn: kò sí àláímẹ́ǹtì tó tọ́ níbi gbogbo. Ojú ọ̀nà ló ń pinnu.

6/ Ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sá eré 500 máìlì láti 1911, òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí. Nítorí náà, orí táyà iwájú méjèèjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sósì. Gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí títì wa, ìjà sìtíárìn lo máa bá délé.

7/ Pápá tó ní kọ́nà ọ̀tún àti òsì ńkọ́? Ilẹ̀ tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Afẹ́fẹ́ táyà á pé. Wọ́n á gbé ẹrù tó wúwo tó awakọ̀ sórí àga rẹ̀. Wọ́n á to gíga ọkọ̀, lẹ́yìn náà camber, toe ló kẹ́yìn, torí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan camber, toe náà á yẹ̀.

8/ Ibẹ̀ ni okùn ti wọlé. Wọ́n á ta á sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ní gíga àárín táyà, kó jìnnà dọ́gba sí àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì. Wọ́n á fi rúlà wọn ìwọ̀n láti okùn dé etí iwájú ríìmù, wọ́n á tún wọn ti ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni toe.

9/ Camber wá ńkọ́? Wọ́n á tẹ orí táyà sínú, nígbà mìíràn tó dígírì 3, kó lè jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá fì síta ní kọ́nà, táyà ìta á tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ tún máa ń la táyà iwájú síta díẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kó lè tètè wọ kọ́nà.

10/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wá ń tẹ táyà mọ́tò yín sínú torí ohun tẹ́ ẹ rí lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́: ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe pápá eré. Etí inú táyà ló máa jẹ tán, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹ ò ní mọ̀ títí wáyà á fi yọ. Tó bá bẹ́ lórí eré, èrò inú ọkọ̀ ló ń sanwó rẹ̀.

11/ Okùn ò lẹ́bi. Àfojúdá ló lẹ́bi. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ yín, ẹ bi í: "Ọ̀gá, mílímítà mélòó lẹ rí níwájú ríìmù? Mélòó lẹ rí lẹ́yìn?" Tó bá lè sọ ọ́, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sanwó rẹ̀ pé, kódà kó jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́.