Rélùwéè Kò Dé Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá bi ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè pé níbo ni ojú irin gbà kọjá nílùú rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ojú irin kan ò wọ Èkìtì rí. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ló bá gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Àwa tá a wà lórí òkè, ẹsẹ̀ la fi ń lọ bá a. Bàbá ìyá àgbà mi ru kòkó láti Ẹ̀fọ̀n, ó gba Iléṣà, ó já sí Òṣogbo níbi tí rélùwéè wà. Nígbà tí wọ́n bá jọ ń lọ sóko ló máa ń fi ojú ọ̀nà náà han ọmọ rẹ̀. Nílé wa, ìyá àgbà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

N ò ka ọ̀nà yẹn sí nǹkan kan, àfìgbà tí àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wálé wá ṣe Kérésì. Ó ní igbó kan wà ní Sydenham Hill, tí kò jìnnà sọ́dọ̀ òun, tí òun àtàwọn ọmọ òun máa ń lọ nasẹ̀ ní Sátidé. Ojú irin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. 1865 ni wọ́n ṣí i, kí èrò lè máa wọkọ̀ lọ wòran ní Crystal Palace. Ilé ìwòran náà jóná ní 1936, nígbà tó sì di 1954, wọ́n ti ojú irin náà pa. Wọ́n hú irin rẹ̀, igbó sì bò ó. Níbòmíràn, ilé ni wọ́n kọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ò gbà kí wọ́n fi igbó Sydenham Hill kọ́lé. Láti 1982 ni ẹgbẹ́ London Wildlife Trust ti ń tọ́jú ibẹ̀. Lónìí, ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi ń rìn níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré rí. Ihò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ òkè sì ti di ilé àdán.

Mo wá rò ó pé irin ti lọ, ọ̀nà ṣì wà, torí pé àwọn kan ò yéé rìn ín. Tiwa ńkọ́?

Nígbà Àjíǹde tó kọjá, mo bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n mú mi lọ. Wọ́n tẹ̀ ọ̀pá, a rọra gòkè títí a fi dé ibi àpáta kan tí àwọn aláàárù ti máa ń sọ ẹrù sinmi. Lẹ́yìn ibẹ̀, igbó ti dí gbogbo ẹ̀. Ìyá àgbà na ọ̀pá síwájú, wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn ló gbà." Ẹsẹ̀ wọn ò lè lọ mọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá. Tá a bá ti gba ìsinmi gígùn, mò ń padà lọ síbi àpáta yẹn, kí ìyá àgbà tó gbàgbé ìyókù. Ta ló máa bá mi lọ? Kó mú àdá dání o.