Taijiquan: Ta Ló Dá Ìjà Ẹ̀sọ̀ Sílẹ̀?

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìlànà taijiquan, ìjà àwọn ará Ṣáínà, kò jìnnà sí òwe yìí. Ẹni tí ń jà á kì í fi ipá pàdé ipá. Yóò tẹ̀ lé ipá ọ̀tá, yóò sì yí i dànù, ìbàdí ni yóò sì máa darí apá.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Zhang Sanfeng, ẹlẹ́sìn Táò orí òkè Wudang, ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpìtàn Tang Hao wádìí dé abúlé Chenjiagou ní Henan, ní àwọn ọdún 1930, Chen Wangting, jagunjagun ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni ó tọ́ka sí. Níbẹ̀ ni Yang Luchan (1799–1872) ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Chen Changxing, kí ó tó gbé e dé Beijing. Ní 1956, ìjọba ṣe oríṣi kúkúrú onígbésẹ̀ 24 fún ará ìlú. Ní 2020, UNESCO kà á mọ́ àjogúnbá aráyé.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí a bá gbé gbogbo ògo fún ẹni ìtàn àtẹnudẹ́nu, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tí ó ṣe é.