Mutrakrichra: Nígbà Tí Ìtọ̀ Bá Di Ìnira

Èdè Sanskrit ló ni ọ̀rọ̀ náà mutrakrichra, àwọn oníṣègùn Ayurveda ní ilẹ̀ Íńdíà ló sì ń lò ó. Mutra ni ìtọ̀, krichra ni ìnira. Ẹni tí ìtọ̀ ń ta lójú ara bí ata, tó ń sáré lọ tọ̀ léraléra àmọ́ tí ẹ̀kán díẹ̀ péré ń jáde, òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Charaka Samhita, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìpìlẹ̀ Ayurveda, pín in sí oríṣi 8, òkúta inú àpòòtọ̀ sì wà lára ohun tó ń fà á. Mutrakrichra fẹ̀ ju àkóràn ojú ìtọ̀ tí àwọn dókítà mọ̀ lọ. Kòkòrò inú ìfun tó ń jẹ́ E. coli ló sábà máa ń fa àkóràn yìí. Ó ń yọ obìnrin lẹ́nu ju ọkùnrin lọ, torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn kúrú.

Omi mímu, oúnjẹ tí kò ta àti àgbo èso ẹlẹ́gùn-ún gokshura ni Ayurveda fi ń tọ́jú mutrakrichra. Omi dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò ni dókítà fi ń wo àkóràn.

Ìṣọ́ra nípa oògùn Ayurveda tún ṣe pàtàkì. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì nínú.

Bí ibà tàbí ẹ̀yìn ríro bá tẹ̀ lé ìnira ìtọ̀ náà, tàbí tí aláìsàn bá lóyún, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò.