Òfin Kan fún Ọkọ àti Aya



Ní Kétu, lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin bú alágbèrè, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Òfin tí àwọn Faransé mú wá kò rí bẹ́ẹ̀. Aya tó bá yan àlè, ẹ̀wọ̀n ni: oṣù 3 sí ọdún 2. Ọkọ tó yan àlè kò jẹ̀bi, àfi bó bá gbé àlè wá sílé. Owó ìtanràn nìkan ni yóò san.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òfin yìí kò tọ́: ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níwájú òfin.

Nítorí náà, ọkọ tó ń fura, tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ aya rẹ̀, kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú.