"Borrow" àti "lend" lẹ́nu ọmọ Yorùbá

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé ohun tó ń mú ọmọ ilé-ìwé sọ "borrow me your pen" ni pé Yorùbá kò ya ẹni tó ń gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fúnni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "yá", ni wọ́n ní a fi ń kó méjèèjì pọ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà wà nínú èdè wa, ó sì fìdí múlẹ̀ ṣinṣin. Ètò gbólóhùn ló ń gbé e.

Ẹ wo "Adé yá owó lọ́wọ́ Bọ́lá" àti "Bọ́lá yá Adé lówó." Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa béèrè ẹni tó jẹ gbèsè. Nínú ti àkọ́kọ́, owó ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "lọ́wọ́" sì ń sọ ibi tó ti wá, bó ti ń ṣe nínú "rà lọ́wọ́" àti "gbà lọ́wọ́". Nínú ìkejì, ẹni tó gba owó ló tẹ̀ lé "yá" tààrà. Bí a bá tilẹ̀ sọ pé "Ó yá owó" lásán, ó ti yé wa pé ńṣe ló gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun fúnni gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan ẹni tó gbà á, kódà kó jẹ́ "ó ń yáni lówó" ni.

Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "from" ń bá "borrow" rìn, ẹni tó gbà sì lè tẹ̀ lé "lend" tààrà. Ó kàn tún fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sàmì sí ohun tí ètò gbólóhùn ti sọ tán ni. Kì í sì í ṣe é nígbà gbogbo, torí "rent" ni onílé ń ṣe, "rent" náà ni ayálégbé ń ṣe. Ní Jámánì, "leihen" kan náà ló wà fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà.

Ìyàtọ̀ kan tilẹ̀ wà tí Yorùbá ń ṣe tí "borrow" kò lè ṣe. Obìnrin tí iyọ̀ tán mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná ń wín iyọ̀ ni; odó ló ń yá. Iyọ̀ mìíràn ló máa san, ṣùgbọ́n odó yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ dá padà. (Owó ń gba ọ̀rọ̀ méjèèjì.) Òfin Róòmù àtijọ́ pe irú ti iyọ̀ ní "mutuum", ó pe irú ti odó ní "commodatum": nínú ti àkọ́kọ́, ohun náà di ti ẹni tó gbà á, nínú ìkejì, ti olóhun ló ṣì jẹ́. Èdè tó ń ya nǹkan sọ́tọ̀ tó báyìí kì í ṣe èdè tí ó yẹ kí olùkọ́ máa dá lẹ́bi níwájú ọmọ.

Kí olùkọ́ kọ "yá mi ní" sójú pátákó, kó kọ "lend me" sábẹ́ rẹ̀; kó kọ "yá lọ́wọ́", kó kọ "borrow from" sábẹ́ tiẹ̀. Ọmọ tó ní "borrow me" ti fi "me" síbi tó yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló kù kó pààrọ̀.