Òfin Àṣírí Ẹni Kò Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìwífún ara ẹni, ìyẹn orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí àti ìtẹ̀ka tí à ń fún àwọn ilé iṣẹ́, ìtàn kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Wọ́n á ní àwọn ará Yúróòpù ló ṣe òfin ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, pé Nàìjíríà wò ó ṣe tirẹ̀, àti pé ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún, ni ọmọ Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn a tún fi kún un pé àṣà Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé Yorùbá tó ń gbé agbo ilé kan náà kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn.

Ìtàn yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò máa wo ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ẹ̀bùn tí wọ́n lè gbà padà.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìlànà ìwífún tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 jọ ti Yúróòpù púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí ìlànà náà ń ṣọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960 ti pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ oníkálukú, ẹbí rẹ̀, ilé rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀. Lóòótọ́, inú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 1950 ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké ilẹ̀ yìí, tí ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ tẹnu wọn tó sì jábọ̀ ní 1958, ló mú kí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ wọnú òfin wa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sọ àdéhùn yẹn di òfin abẹ́lé títí di 1998. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà jókòó kọ ìwé òfin 1979, wọ́n fi ohun tí kò sí nínú ti 1960 kún un: ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù àti ti tẹligíráàmù. Abala 34 ló wà nígbà náà; abala 37 ló wà nínú ìwé òfin 1999 tí à ń lò lónìí. Ní 1979, kò tíì sí fóònù alágbèéká kan ní gbogbo Nàìjíríà.

Àwọn adájọ́ náà kò dúró de ọdún 2023. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá agbẹjọ́rò kan láre, ẹni tí ilé iṣẹ́ fóònù fi nọ́ńbà rẹ̀ lé àwọn tó ń da àtẹ̀jíṣẹ́ bò ó lọ́wọ́. Abala 37 ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà lé. Ní 2021, ẹ̀ka ilé ẹjọ́ yìí tó wà ní Ìbàdàn sọ, nínú ẹjọ́ tó kan àjọ NIMC tó ń fúnni ní nọ́ńbà NIN, pé ìdáàbòbò ìwífún ẹni wà lára ẹ̀tọ́ inú abala 37 náà.

Bó bá sì jẹ́ òfin tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwífún là ń wá, ìpínlẹ̀ Hesse ní Jámánì ti ṣe é ní 1970. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Cape Verde ṣe tirẹ̀ ní 2001, Benin ṣe tirẹ̀ ní 2009, ECOWAS sì fọwọ́ sí ti gbogbo wa ní 2010. Ẹni tó bá gba ẹnubodè Òkèrété kúrò ní Ṣakí, Benin ló ń lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí òfin Benin ti ń ṣọ́ àwọn ìbátan wa ní Sábẹ àti Kétu kí ìlànà NITDA tó jáde.

Ó wá ku ti àṣà. Àwọn tó ní Yorùbá kò mọ ìkọ̀kọ̀ gbàgbé pé ẹni tó bá lọ dáfá kì í dédé la ohun tó bá a wá fún babaláwo. Owó ló ń sọ ọ́ sí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí Ifá tó sọ tirẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n á ní, ìwádìí tí à ń ṣe kí a tó fẹ́ ìyàwó ńkọ́? Ìwádìí yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Ẹni tí a rán lọ wádìí àrùn tàbí gbèsè inú ìdílé, ẹni tó rán an ló ń jábọ̀ fún. Bó bá gbé e dé ọjà, ó ti ṣẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò sì bá a wí. Nítorí ìgbéyàwó la ṣe béèrè; lórí ìgbéyàwó nìkan la lè lò ó. Ohun tí òfin 2023 náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ nìyẹn: kí wọ́n má lo ìwífún fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á.

Ìlànà yìí ni àwọn ayánilówó orí fóònù tẹ̀ lójú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé Soko Lending, nítorí pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gbèsè oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé ìtìjú wà lára èlé owó tí òun yá. Kò sí níbẹ̀. Gbèsè ni yóò san. Àṣírí rẹ̀ kò sí lára ohun tí a lè fi gba owó.

Ìdí nìyí tí orísun ẹ̀tọ́ yìí fi ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ inú òfin 2023 nìkan ló ti wá, àwọn aṣòfin lè dédé pa á rẹ́. Inú ìwé òfin Nàìjíríà ló wà, abala 46 ìwé náà sì fún ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú láyè láti gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ará Òkè-Ògùn kò nílò láti dé Àbújá kí ó tó béèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ó béèrè rẹ̀ níbí, láìbẹ̀bẹ̀.